Ìbọn Ológun Tó Di Ìbọn Ọdẹ

Nínú gbogbo ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ìdílé ọdẹ ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòtún, èyí tó ti bá ológun ṣiṣẹ́ rí kó tó dé ọwọ́ ọdẹ ni ọkàn mi ń fà sí jù. Iṣẹ́ igi ni mo kọ́. N kì í tún ohun tó ń mú ìbọn dún ṣe. Òkú ìbọn ni mo ń gbà, èyí tí ìpẹtà ti dí ọ̀pá rẹ̀ pa, tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri tàbí dá padà sí ojúbọ Ògún. Òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ológun òde òní léèwọ̀ fún ará ìlú. Ṣakabùlà pàápàá, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń ní in.

Kó má yà yín lẹ́nu pé ṣakabùlà ṣì wà ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìkòtún wà. Ilẹ̀ ọdẹ ni ibí kó tó di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọdẹ ni àwọn ará Ìṣẹ́rì Olófin ń pe Ògúnfúnmiínire tó tẹ ìlú wọn dó.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí pa ìbọn olókùúta tì. Àwọn oníṣòwò Birmingham àti Liège ra ògbólógbòó rẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kó o wá sí etíkun wa. Nígbà ogun Kírìjí (1877–1893), àwọn Èkìtì Parapọ̀ ti rí ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí gbà láti Èkó. Àmọ́ ní 1890, àdéhùn Brussels dènà ìbọn ìgbàlódé, ó sì fi olókùúta sílẹ̀ fún wa. Ohun tí ológun ti sọ nù ni ọdẹ wa fi bọ́ ọmọ.

Àmì ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Adé àti ọ̀rọ̀ náà TOWER kò tó ẹ̀rí, nítorí àwọn oníṣòwò ń lù ú sára ìbọn tí kò rí ojú ogun rí. Ọfà méjì tó forí korí ni mo ń wá: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti tà á kúrò lọ́wọ́ ológun nìyẹn. Ọ̀pá èyí tí wọ́n ń pè ní India Pattern, tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1797, gùn ní ínṣì 39. Bó bá dín, ẹnì kan ti gé e kó lè rọrùn láti gbé la inú igbó kìjikìji kọjá.

Nítorí àmì wọ̀nyí, n kì í jẹ́ kí sánpépà kan igi náà. Ibi tó bá tẹ̀ wọnú, aṣọ tútù ni mo ń tẹ́ lé e, màá wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ooru omi á gbé igi náà dìde. Fánísì kò sí níbẹ̀, epo ni mo ń fi pa á. Bí ẹ̀jẹ̀ àti epo pupa ìbọ Ògún bá wà lára irin, olórí ìdílé ni mo máa ń bi. Èmi fúnra mi kì í fẹ́ fọ̀ ọ́.

Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí ti Ìgàndò wá. Ọ̀pá rẹ̀ ti kúrú, igi iwájú rẹ̀ sì ti gé. Ọrùn igi náà sán, wọ́n fi awọ ewúrẹ́ dì í, awọ náà sì le gbagidi. Ẹni tó gbé e wá ní kí n tú awọ náà dànù, kí n sọ ọ́ di ti ológun padà.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bàbá yín ló dì í. Ológun tó kọ́kọ́ ni ín, a ò mọ orúkọ rẹ̀. Ta ni ká pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ nítorí ta ni?”

Wọ́n gbà pé kí awọ wà níbẹ̀. Igi iwájú ni wọn ò gbà, wọ́n ṣáà fẹ́ kó gùn bíi ti àtètèkọ́ṣe. Mo ń gbẹ́ ẹ láti ara igi apá tó ti gbẹ dáadáa. Ìṣó onígi méjì péré ni yóò dì í mú, kí wọ́n lè yọ ọ́ nígbàkigbà láìgé ohunkóhun. Mi ò ní kùn ún ní àwọ̀ ti àtijọ́. Màá fín ọdún tí mo ṣe é sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá tú u lẹ́yìn mi lè mọ èyí tó jẹ́ tèmi.