Wíwá Owó Onírin ní Ahoro Ilé: Iṣẹ́ Etí àti Iṣẹ́ Òye

Ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tí a ń pè ní New England, pàápàá Vermont àti New Hampshire, ọ̀pọ̀ ilé oko ni ó di ahoro ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí pé òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, òtútù ibẹ̀ sì le, nígbà tí wọ́n sì ṣí ọ̀nà omi Erie ní 1825, tí ó wá rọrùn láti kó lọ sí ilẹ̀ ọlọ́ràá ti ìwọ̀-oòrùn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún igbó. Ògiri òkúta tí wọ́n fi pààlà oko ṣì wà láàrin igi títí di òní, ihò yàrá abẹ́ ilé ṣì lanu sílẹ̀, owó tí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn sì wà nínú ilẹ̀. Wíwá irú owó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ awárin, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ìró sọ fún ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ pé nǹkan onírin wà nísàlẹ̀, jẹ́ iṣẹ́ tí ó yẹ kí a bu ọlá fún ju bí a ti ń ṣe lọ, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó gbà: ó gba kí ènìyàn mọ bí àwọn tí kò sí mọ́ ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń sá aṣọ nínú àgbàlá wọn.

Ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọ̀pá gígùn kan ni, tí àwo pẹlẹbẹ wà ní ìdí rẹ̀. Wáyà méjì tí a ká róbótó ni ó wà nínú àwo yìí. Iná mànàmáná tí ń yí padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ni a ń rán sínú wáyà kìn-ín-ní, èyí sì ń ti agbára òòfà wọnú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan owó, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí yí po nínú owó náà, owó á sì tú agbára òòfà tirẹ̀ jáde, tí wáyà kejì á gbọ́. Bàbà àti fàdákà ń gbé iná dáadáa, nítorí náà ìdáhùn wọn máa ń pẹ́ ju ti irin lásán lọ, ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀rọ sì fi ń dá wọn mọ̀, tí ìṣó fi ń ní ohùn ìsàlẹ̀ tí ń kùn, tí fàdákà sì ń ní ohùn òkè tí ó mọ́ gaara. Alexander Graham Bell, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, ti gbìyànjú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1881, nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, tí àwọn dókítà kò mọ ibi tí ọta wà lára rẹ̀. Kò rí ọta náà, ṣùgbọ́n ipa ọgbọ́n yẹn ni àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ tọ̀. Nǹkan onírin nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ri ìkòkò owó ẹyọ mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ẹ̀rọ yóò kọjá lórí rẹ̀ láì fọhùn, nítorí ìkarahun ni owó ẹyọ.

Kí a tó tan ẹ̀rọ rárá ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láàrin 1850 sí 1880, àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ya máàpù ọ̀pọ̀ àgbègbè, wọ́n fi àmì kékeré sí ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n sì kọ orúkọ baálé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fi irú máàpù bẹ́ẹ̀ wé ti òde òní yóò mọ àwọn ilé tí ó ti pòórá. Nínú igbó fúnra rẹ̀, òdòdó láílákì ni atọ́nà tí ó dára jù, nítorí pé kì í hù fúnra rẹ̀ níbẹ̀, ìtòsí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń gbìn ín sí, ó sì máa ń pẹ́ láyé lẹ́yìn tí òrùlé bá ti wó.

Ibi tí owó ń bọ́ sí kò ṣàì nídìí. Ìyàwó ilé tí ń gbọn aṣọ kí ó tó sá a ni ó ń gbọn owó kúrò nínú àpò ṣòkòtò, nítorí náà abẹ́ okùn ìsáṣọ kì í sábà ṣófo. Ọkùnrin tí ó fẹ̀yìn tì sábẹ́ igi lọ́sàn-án gangan, ohun inú àpò rẹ̀ á yọ̀ bọ́ sínú koríko. Ẹni tí ń fa omi, títẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ba létí kànga, owó rẹ̀ á sì já bọ́ nígbà tí kò fura. Ojú ọ̀nà láti ilé ìdáná dé kànga ni ó yẹ kí a fi sùúrù wá jù. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ olówó gọbọi, ṣùgbọ́n tí kò lè fi ojú inú rí ibi tí okùn ìsáṣọ ti wà, ìṣó ni yóò máa gbẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ìṣó ni ọ̀tá gidi, nítorí pé ilé onígi ni àwọn ilé wọ̀nyí, bí ilé bá sì jó tàbí tí ó wó, ilẹ̀ ni ó ń jogún gbogbo ìṣó rẹ̀. Ọ̀jáfáfá a máa fi àwo kékeré rọ́pò ńlá, kí ìwọ̀nba nǹkan lè wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì máa fì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ohùn òkè kan yóò fi já wọ àárín ìkùn náà, tí yóò sì tún parẹ́. Yóò yí ìdúró rẹ̀ padà, yóò fì í ní ìdábùú ti àkọ́kọ́: bí ohùn náà bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìṣó tí ó wọ́, bí ó bá tún dáhùn lójú kan náà, ó tó gbẹ́. A ó gé koríko ní ìhà mẹ́ta, a ó ṣí i bí ẹni ṣí ìwé, a ó sì kó erùpẹ̀ sórí aṣọ kí gbogbo rẹ̀ lè padà sínú ihò. Ní nǹkan bí ínṣì 6, etí owó yóò yọ, aláwọ̀ ewé, tínrín. Bí amọ̀ abẹ́ rẹ̀ bá sì mú dáadáa, àpẹẹrẹ ewé tí a hun róbótó àti lẹ́tà ara owó náà yóò hàn lórí amọ̀. Kò sí ohun mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tí ó dùn tó ìṣẹ́jú yẹn.

Irú owó bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ńtì ńlá, owó bàbà tí ó fẹ̀ ju owó 25 sẹ́ńtì òde òní lọ, tí wọ́n rọ láti 1793 títí di 1857. Nígbà mìíràn, owó fàdákà Sípéènì tí wọ́n rọ ní Mẹ́síkò ni yóò jáde, kò sì yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí pé òfin Amẹ́ríkà gbà kí a máa ná an títí di 1857. Lẹ́yìn èyí ni sẹ́ńtì olórí oníyẹ̀ẹ́ dé, láti 1859 sí 1909, dáìmù, ìyẹn owó 10 sẹ́ńtì, àti owó 25 sẹ́ńtì sì jẹ́ fàdákà títí di 1964. Bí a bá to gbogbo owó àgbàlá kan bí ọdún wọn ṣe tẹ̀ léra, a ó rí ìgbà tí ilé náà kún àti ìgbà tí ó dá. Àgbàlá tí kò ní owó kankan tí wọ́n rọ lẹ́yìn 1857 ti sọ púpọ̀ nípa àwọn tí ó gbé ibẹ̀. Nítorí èyí ni ibi tí a ti rí owó fi níye lórí tó owó fúnra rẹ̀, èyí sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tà á kò kà sí.

Àṣẹ onílẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà, ní ti ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, òfin 1979 kò fàyè gba kí a wú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ti pé 100 ọdún láì gba ìwé àṣẹ. Owó tí a wú kò gbọdọ̀ rí búrọ́ọ̀ṣì tàbí ìka tí ń gbo ó, nítorí erùpẹ̀ ara rẹ̀ yóò họ ọ́ lójú. Omi mímọ́ ni kí a rẹ ẹ́ sí. Bí ohun tí a rí bá sì pọ̀, àpẹẹrẹ rere kan wà. Ní Hoxne, ní Suffolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1992, Eric Lawes ń wá òòlù tí ó sọnù nínú oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ dún lórí wúrà àti fàdákà àwọn ará Róòmù. Ó dá ìwalẹ̀ dúró, ó jẹ́ kí wọ́n pe àwọn awalẹ̀pìtàn, ìdí nìyí tí a fi mọ̀ pé inú àpótí onígi ni wọ́n to owó 14,865 náà sí. Kí ẹni tí ó bá rí ọ̀pọ̀ owó nínú ihò kan ṣoṣo ṣe bíi tirẹ̀: kí ó fi ṣọ́bìrì lélẹ̀, kí ó bo ihò náà, kí ó sì ránṣẹ́ pe àwọn awalẹ̀pìtàn kí ó tó tún fọwọ́ kàn án.