Lẹ́yìn "Àkọ́kọ́", Kí Ló Kù?

Ní ìpàdé ewì wa tó kọjá, mo ka ewì kan nípa Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìlà mẹ́rìnlélógún ni. Ẹ pàtẹ́wọ́, orí mi wú. Bí a ṣe ń jáde, ọ̀rẹ́ mi kan fà mí lápá, ó ní, "Ewì yẹn dùn o. Ṣùgbọ́n kí ni obìnrin yẹn sọ?" Mo ní, "Òun ni àkọ́kọ́ nù-un." Ó ní, "Mo ti gbọ́ ìyẹn. Kí ló sọ?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ mi lẹ́nu.

Mo délé, mo tún ewì mi kà. "Àkọ́kọ́" wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ohun tó kù kò yàtọ̀ sí ìwé ìpè sí ìwúyè.

Èmi nìkan kọ́ ni mo jẹ̀bi. Ẹ wo bí a ṣe máa ń kọ ewì nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Inú mọ́tò la máa ń fi í sí, pé òun ló kọ́kọ́ wa ọkọ̀. Ìjà owó orí tí òun àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jà títí Aláké Adémọ́lá fi sọ̀kalẹ̀ lórí oyè ní 1949, ìlà kan péré ló máa ń gbà nínú ewì wa, tó bá tilẹ̀ rí ìlà ọ̀hún gbà.

Ẹ jẹ́ kí n wá ka ohun tí mo fi sílẹ̀ fún yín. Èkó ni wọ́n bí Stella sí, ní 1906. Sàró ni bàbá rẹ̀, Peter Thomas, oníṣòwò ńlá sì ni. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Owó bàbá lè san owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò lè yí onílé lọ́kàn padà: ọ̀pọ̀ onílé ní London ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìdí nìyẹn tí WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, fi ń wá ilé tiwọn. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, rìn káàkiri ilẹ̀ wa láti 1929 dé 1932, ó ń dáwó fún ilé náà. Wọ́n ṣí i ní 1933, ọdún tí Stella gan-an di lọ́yà.

Inú WASU ló wà. Ó tún wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ League of Coloured Peoples, ẹgbẹ́ tí dókítà Harold Moody, ọmọ Jàmáíkà, dá sílẹ̀ ní 1931 láti gbèjà àwọn adúláwọ̀. Nígbà tí Una Marson, akéwì obìnrin láti Jàmáíkà, gbé eré rẹ̀ At What a Price jáde ní London, lọ́yà wa yìí wà lára àwọn tó ṣe é lórí ìtàgé. Ẹ̀yin òṣèré àárín wa, ṣé ẹ gbọ́?

Ọ̀rọ̀ gan-an wá kù. Lugard ti ṣe gómìnà àgbà Nàìjíríà láti 1914 sí 1919, òun ló sì ta gbòǹgbò ètò tí òyìnbó fi ń gba ẹ̀yìn ọba ṣàkóso ìlú. Ní 1934, Margery Perham sọ̀rọ̀ lórí ètò yìí ní London. Nínú ìjíròrò tó tẹ̀ lé e, Stella nìkan ni obìnrin Áfíríkà tó sọ̀rọ̀. Kò dìde láti dúpẹ́ o. Ó bẹnu àtẹ́ lu ètò Lugard ní gbangba.

Kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní 1925, ìjọba òyìnbó lé Ọba Èṣùgbàyí Elékòó kúrò ní Ìgà Ìdúngànràn, wọ́n kó o lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Privy Council ní London. Ní 1931 ni wọ́n là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé ìjọba kò lè fi agbára mú ènìyàn láìsí òfin lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ọba padà wálé. Ọba tí òyìnbó ń gbé gorí oyè tó tún ń yọ, ọ̀rọ̀ àdúgbò wa ni, ọmọ Èkó kan sì dá sí i lójú àwọn tó ni ètò.

Ẹ wá fi èyí wé ti ìyàwó Obama. Kí Michelle tó di lọ́yà, ní Princeton ní 1985, iṣẹ́ ìwádìí àṣejáde rẹ̀ dá lórí àwọn adúláwọ̀ tó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ sí yẹn, àti bí àárín àwọn àti ìran wọn ṣe rí. Ó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí 400 ènìyàn; àwọn tó dáhùn kò pé 90. Ní 2008 tí ọkọ rẹ̀ ń du ipò ààrẹ, wọ́n tú iṣẹ́ yẹn wò látòkèdélẹ̀, àwọn mìíràn sì fẹ́ fi bá a jà. Ìkà lè wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ lè wúwo. Àwa tí a ní a fẹ́ràn Stella, a ò tilẹ̀ béèrè.

Ó yẹ kó ká àwa tí à ń kọ́ Yorùbá lára jù. Oríkì kì í ṣe ìyìn lásán. Ẹ jókòó ti ìyá àgbà tó ń ki ìdílé: á dárúkọ ìjà tí bàbá ńlá jà, gbèsè tó jẹ, ọ̀rọ̀ líle tó sọ lójú ọba. Ohun tó mú ènìyàn yàtọ̀ ni oríkì ń dì mú, ì báà dára, ì báà kù díẹ̀ káàtó. "Àkọ́kọ́" ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, torí pé ipò ni, kì í ṣe ìwà. Bí Stella kò bá lọ, ẹlòmíràn ni ìbá jẹ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dìde lọ́jọ́ yẹn ní 1934, òun náà ni, kò sí ẹlòmíràn.

Ẹnìkan á ní, "Àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré jàre." Òótọ́ ni. Ìlú òyìnbó fúnra rẹ̀, 1922 ni obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ di bárísítà níbẹ̀. Stella padà wálé, ó ṣí ọ́fíìsì sí Kakawa. Ní 1943, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó yẹ ká sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kan.

Mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìdúmọ̀tà, mo gba Tinúbú, mo dé Kakawa. Ibẹ̀ ni ilé Candido da Rocha wà, tí wọ́n ti ń ta omi fún ará Èkó láyé àtijọ́. Orúkọ wo ni wọ́n ń pe ilé náà? Water House. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àṣé òpópónà náà mọ oríkì jù mí lọ.

Mo ti ń tún ewì mi kọ. Orí ìdúró ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú obìnrin kan tó dìde láàárín àwọn tó jókòó. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, bí ẹ bá gbọ́ "àkọ́kọ́" ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́nu mi, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ dá mi dúró.