“Dídáàbò bo Póìntì”: Ọ̀rọ̀ Tó Ń Ṣini Lọ́nà

Àwọn oníròyìn tẹníìsì fẹ́ràn láti máa sọ pé eléré kan ní póìntì tí yóò “dáàbò bò” lọ́sẹ̀ yìí. Bí onítọ̀hún bá fìdí rẹmi, wọ́n á ní kò lè dáàbò bò ó. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ìtumọ̀ mọ ohun tí mo máa ń sọ: ẹ yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ètò náà. Láàárín àwọn ọkùnrin, ẹni tó bá gba ife nínú ìdíje Grand Slam ń gba póìntì 2000. Ẹni tó pàdánù ní àṣekágbá ń gba 1300. Ẹni tó já ní ìpele àkọ́kọ́ ń mú 10 lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ 52 ni póìntì ń lò nínú ìṣirò. Bó bá ti pé, ó kúrò nìyẹn, ìbáà jẹ́ àìsàn ló dá ẹni náà dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá jà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wá ń dáàbò bò? Iṣu èṣí ni póìntì: ẹni tí kò bá tún gbìn, àká rẹ̀ á ṣófo.

Èmi ò bá ètò yẹn jà. Ó yẹ kí ipò sọ bí eléré ṣe rí lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Wimbledon 2022. Àwọn olùṣètò kò gba àwọn eléré Rọ́ṣíà àti Belarus láyè nítorí ogun Ukraine. ATP àti WTA ní ẹ̀tanú nìyẹn, wọ́n sì fagi lé póìntì ìdíje náà. Ti 2021 ńkọ́? Wọ́n yọ ọ́ kúrò bí ìṣe wọn. Novak Djokovic tún gba ife, síbẹ̀ póìntì 2000 rẹ̀ lọ. Láti ipò 3, ó bọ́ sí 7. Elena Rybakina gba ti àwọn obìnrin, ipò 23 ló wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí? Djokovic “dáàbò bò ó” tán, póìntì ṣì lọ.

Kò burú pé wọ́n lòdì sí ẹ̀tanú. Ohun tó burú ni pé wọ́n ní kẹ́nìkan má gbin tuntun, wọ́n sì kó ti èṣí lọ. Ẹ má sì sọ pé kò sọ́gbọ́n míì. Nígbà COVID-19 ní 2020, àwọn kan náà ló dá ìṣirò dúró fún oṣù mélòó kan.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa sọ pé póìntì “pé ọdún”. “Dídáàbò bò” ń di gbogbo ẹ̀bi lé eléré lórí. “Pípé ọdún” ló ń jẹ́ ká lè bi àwọn aláṣẹ pé: ta ló dí i lọ́wọ́ àtigbìn?