Ta Ló Ni Ìtàn? Àgbéyẹ̀wò Iwájú àti The Story & the Engine

1.0 Ìfáàrà

Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ onílámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ti ń yẹra fún tẹlifíṣàn. Èrò wọn ni pé eré tí ó kún fún ọkọ̀ tí ń fò, ẹ̀rọ tí ń ronú àti akọni tí kò ṣeé pa jẹ́ ohun ìdárayá ọmọdé, tí kò yẹ kí àgbà mẹ́nu bà ní àwùjọ ọ̀mọ̀wé. Èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, mọ̀ pé ìtàn tí ó ré kọjá ohun tí ojú lásán ń rí kì í ṣe àjèjì sí èdè Yorùbá. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti kúrò nínú igbó, ó ti wọ ìlú Èkó, ilé-iṣẹ́ ńláńlá òkè òkun sì ni ó ń náwó lé e lórí.

Eré méjì ni bébà yìí gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni Iwájú, eré alápá mẹ́fà tí a fi kọ̀ǹpútà ya àwọn àwòrán rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Kugali àti ilé-iṣẹ́ Disney jọ ṣe, tí ó sì jáde lórí Disney+ ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024. Èkejì ni The Story & the Engine, apá kan nínú eré Doctor Who ti BBC, tí Inua Ellams kọ, tí wọ́n sì fi hàn ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Èkó ni ibùdó ìtàn àwọn méjèèjì. Ìbéèrè kan náà ni ó sì so wọ́n pọ̀: ta ló ni ìtàn? Ṣé ìlú tí a gbé ìtàn kà ni, àbí ẹni tí ó ná owó lé e lórí, àbí ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?

Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé eré kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ó gbé e jáde, sún mọ́ ìlànà ìsọ̀tàn Yorùbá ju èkíní lọ, èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó ní àléébù, àléébù wọn sì kan àwọn tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

2.0 Iwájú: Èkó Ọjọ́ Ọ̀la

Bí Iwájú ṣe wáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àlọ́ fúnra rẹ̀. Ní 2019, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí ó dá Kugali sílẹ̀, ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Ùgáńdà kan, fọ́nnu fún BBC pé àwọn yóò na Disney nínú iṣẹ́ tí Disney mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ. Kàkà kí Disney bínú, ó ránṣẹ́ sí wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni a kéde pé wọn yóò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Nínú àlọ́ Ìjàpá, ẹni tí ó bá fọ́nnu báyìí kì í fi ara ire délé. Àwọn wọ̀nyí fọ́nnu, wọ́n sì rí iṣẹ́ gbà. Fikayo Adeola, ọ̀kan nínú wọn, ni ó darí eré náà.

Tola, ọmọ olówó tí ó ń gbé ní Áílándì, àti Kole, ọmọ Mẹ́nláándì tí ó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ni òpómúléró ìtàn náà. Tunde, bàbá Tola, jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún iṣẹ́. Ó fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀bùn Otin, ẹ̀rọ tí a ṣe ní àwòrán alángbá, kí ó lè máa dáàbò bò ó. Ọ̀tá wọn ni Bode DeSousa, ọ̀gá àwọn gbọ́mọgbọ́mọ.

Ibi tí eré yìí ti yọrí jù lọ ni ìfojúwo àwùjọ. Ọkọ̀ ń fò ní ojú ọ̀run Èkó, síbẹ̀ olówó wà ní Áílándì, tálákà wà ní Mẹ́nláándì. Ọjọ́ ọ̀la yí ọkọ̀ padà. Kò yí ìpín padà. Èyí jinlẹ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì máa ń sọ lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn gbà pé bí ẹ̀rọ bá ti gbọ́n tó ni ayé yóò ṣe dára tó. Orúkọ tí a fún àwọn ẹ̀dá ìtàn náà kò ṣàì ní ìtumọ̀. DeSousa jẹ́ irú orúkọ tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti Brazil nígbà tí wọ́n padà sí Èkó. Ó sọ fún òǹwòran tí ó mọ Èkó pé ìlú yìí ní ìtàn kí ó tó ní ọjọ́ ọ̀la. Otin sì ń rán Yorùbá létí odò Ọ̀tìn, tí àwọn ará Òkukù ń bọ.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí. Òrìṣà odò a máa fún ọmọ ní ààbò, ó sì ní ohun tí ó máa ń béèrè: ẹbọ, èèwọ̀, ìrántí. Nínú ìsọ̀tàn Yorùbá, agbára kì í wà láìní orísun, kì í sì í wà láìní owó orí. Oògùn tí Àkàrà-ògùn ní kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọmọ ọdẹ àti àjẹ́ ni, ogún náà sì jẹ́ ẹ̀bùn àti ẹrù pọ̀. Agbára Otin kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Tola. Owó bàbá rẹ̀ ti san gbogbo rẹ̀. Àwọn òǹṣèré fi ọgbọ́n tọ́ka sí i pé alángbá náà jẹ́ arọ́pò bàbá tí kò ráyè dúró ti ọmọ, ìyẹn sì dára. Síbẹ̀, ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìdí ìtàn di ìran kékeré láàrin eré sísá àti ìjà.

Àléébù kejì ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ẹ̀dá ìtàn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn Nàìjíríà, tí pìjìnì àti Yorùbá sì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ ni Yorùbá inú rẹ̀, kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Èkó ṣe rí, pé àwọn ọmọ olówó Èkó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sùn, wọ́n ń fi jí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n eré tí ó pe ara rẹ̀ ní Iwájú ní láti dáhùn bóyá èdè tí ó fi jẹ orúkọ yóò sí ní ọjọ́ ọ̀la tí ó ń yà. Eré náà kò béèrè. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ní ọjọ́ tí ó jáde, Disney+ kò tíì dé Nàìjíríà. Ìyẹn ni pé àwọn ará Chicago rí Èkó náà ṣáájú àwọn ará Èkó.

3.0 Onígbàjámọ̀ àti Ẹ̀rọ Tí Ń Jẹ Ìtàn

Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni Doctor Who bẹ̀rẹ̀ lórí BBC. Ó dáwọ́ dúró ní 1989, ó sì padà bọ̀ ní 2005. Arìnrìn-àjò tí ó ń la àkókò àti òfuurufú kọjá, tí ó sì ń pààrọ̀ ara nígbà tí ikú bá dé, ni Dókítà. Ncuti Gatwa, tí a bí ní Rwanda, tí ó sì dàgbà ní Scotland, ni ó ṣe Dókítà nínú apá tí a ń sọ yìí. Jos ni a bí Ellams sí ní 1984. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nìyí, nítorí pé ní 2017 ni a ṣe eré orí ìtàgé rẹ̀, Barber Shop Chronicles, ní National Theatre ní London.

Dókítà wá sí Èkó ní 2019 láti kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Omo, onígbàjámọ̀. Ó bá a pé àlejò kan ti gba ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì ti ti àwọn oníbàárà mọ́lé. Ẹni tí ó bá jókòó sórí àga ní láti sọ ìtàn bí a ti ń gẹ irun rẹ̀. Bí ó ti ń sọ ọ́, àwòrán ìtàn náà a máa hàn lójú fèrèsé, irun rẹ̀ a sì tún hù kí ìyà náà lè máa bá a lọ. Ìtàn wọ̀nyí ni oúnjẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí alántakùn ràgàjì kan gbé sẹ́yìn. Àlejò náà kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ ní oríṣìíríṣìí òrìṣà ayé, Dókítà sì fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òtítọ́ hàn, ó jẹ́ pé òun ni ó ti ń ṣe ìtọ́jú ìtàn àwọn òrìṣà láti ọdún gbọọrọ, òun ni ó ń jẹ́ kí ayé máa rántí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò. Ó wá ń lọ gbẹ̀san.

Kò sí àní-àní pé ẹ̀dùn ọkàn yìí ni ó sọ eré náà di iṣẹ́ tí ó yẹ fún lámèyítọ́. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Akéwì a máa ki ọba, a máa ki ìdílé, a máa ki òrìṣà. Ta ni í ki akéwì? Ibi tí Ellams gbé ọ̀rọ̀ náà kà náà bá a mu. Orí kì í ṣe ẹ̀yà ara lásán lójú Yorùbá, ẹni tí ó sì fi orí rẹ̀ fún onígbàjámọ̀ ti fi ohun ńlá lé e lọ́wọ́. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òrìṣà ṣe fá orí ẹni tí ó sọ ìtàn wọn. Òun pẹ̀lú wá ń fá orí àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú túláàsì. Ẹni tí a rẹ́ jẹ di arẹ́nijẹ.

4.0 Apààlọ́ àti Elégbè

Nínú àlọ́ onítàn, apààlọ́ kì í dá sọ̀rọ̀. Ó ń pe, wọ́n ń dáhùn. Ó ń dá orin, wọ́n ń gbe é. Bí ègbè bá kú, àlọ́ kú. Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀bù àlejò náà fi jẹ́ ibi ìbànújẹ́: ẹnìkan ń sọ ìtàn, kò sí ẹni tí ó ń gbe é, ẹ̀rọ ni ó ń gbé e mì. Ellams kò dá orúkọ pe ìlànà yìí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó kan Dókítà, kò sọ ìtàn òrìṣà tàbí ti akọni ogun. Ìtàn Belinda, nọ́ọ̀sì tí ó ń bá a rìn, àti iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lórí aláìsàn ni ó sọ. Ìtàn ẹni tí kò lókìkí yìí ni ó fún ẹ̀rọ náà lágbára lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìdáhùn pàtàkì ni èyí sí àwọn eré alákọni tí ó kún orí tẹlifíṣàn lóde òní, tí ó jẹ́ pé ẹni tí kò bá lè fò kò ní ìtàn.

Fágúnwà ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kí tẹlifíṣàn tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Àkàrà-ògùn ni ó sọ ìtàn. Òǹkọ̀wé jókòó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ kejì, àwọn olùgbọ́ pọ̀ sí i. Òǹkọ̀wé jẹ́wọ́ gbèsè rẹ̀ láti ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó sọ ìtàn ni orúkọ rẹ̀ sì kọ́kọ́ dé etí ayé. Bí àwọn òrìṣà inú eré Ellams bá ṣe bí òǹkọ̀wé Fágúnwà ni, kì bá tí sí ìjà.

5.0 Àléébù Eré Kejì

Ohun mẹ́ta ni ó kù díẹ̀ káàtó. Èkíní, Anansi ti àwọn Akan, nípasẹ̀ Abena ọmọ rẹ̀, ni alárékérekè tí eré Èkó yìí gbójú lé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn òǹwòran Britain mọ̀ ọ́n nípasẹ̀ àwọn ará Jàmáíkà. Ṣùgbọ́n Ìjàpá pẹ̀lú ti la òkun kọjá: ní 1971, Lydia Cabrera gbé ìwé àlọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Cuba jáde, Ayapá sì ni orúkọ tí ó kọ sí iwájú rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà, ọ̀kan ni a sì pè wọlé nígbà tí onílé dúró síta.

Èkejì ni Abena. Nígbà kan rí, Dókítà gbà á nínú ọ̀pá ìdíje lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Abena náà ni ó tún di irun Dókítà, tí ó sì fi ìdì irun náà ya àwòrán ọ̀nà tí ó gbà jáde, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Onídìrí ni ó gba gbogbo wọn là, síbẹ̀ orúkọ Dókítà ni ó wà lára eré. Òǹkọ̀wé tí ó ń jà fún ẹni tí a yọ orúkọ rẹ̀ kò rí ti obìnrin yìí tó.

Ẹ̀kẹta ni ìparí. Omo fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún àlejò náà, ó sì lọ sinmi. Ìdáríjì dára, ó sì sàn ju ikú tí irú eré báyìí máa ń fi pa ọ̀tá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí a tì mọ́lé ńkọ́? Nínú àlọ́, Ìjàpá a máa jìyà lójú gbogbo ẹranko kí ayé tó tún tòrò. Àlejò náà kò san ìtanràn kankan.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Iwájú ní Èkó, kò ní ègbè. The Story & the Engine ní ègbè, ó sì gbàgbé onílé. Bí ó bá di pé kí a yan ọ̀kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá lè fi kọ́ bí ìtàn ṣe ń ṣiṣẹ́, èkejì ni, nítorí pé ó fi ẹni tí ó sọ ìtàn sí àárín ìtàn. Orúkọ Yorùbá lára ìlẹ̀kùn kò tíì sọ ilé di ti Yorùbá.

Ẹjọ́ yìí kò sì tán sí ọ̀dọ̀ BBC àti Disney. Àkójọ ìjálá, ẹ̀sà àti oríkì tí ó wà ní àwọn yàrá ìkàwé pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni ó ní orúkọ ẹni tí ó gba ohùn sílẹ̀, ọjọ́ tí ó gbà á àti ìlú tí ó ti gbà á, tí ibi orúkọ ẹni tí ó ké e kàn jẹ́ "ọdẹ kan" tàbí "ìyá àgbà kan". Oyè ìmọ̀ ti ti ibẹ̀ wá, ìgbéga ti ti ibẹ̀ wá. Àlejò inú ṣọ́ọ̀bù Omo ni ọdẹ yẹn, ìyá àgbà yẹn náà ni. Kí olùwádìí tí yóò bá dá Disney lẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ó tú káàdì ara rẹ̀ wò, kí ó sì kọ orúkọ tí ó bá ṣì lè rántí sí i. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.