Ojú Ìránpọ̀ Inú Fọ́tò Ìbejì

Bí a bá dárúkọ iṣẹ́ lámèyítọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, ewì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi láti yẹ fọ́tò kan ṣoṣo wò, fọ́tò dúdú-àti-funfun tí ó wà lára ògiri yàrá tí ìyá mi àgbà fi sílẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ọmọdébìnrin méjì ni ó jókòó nínú rẹ̀: aṣọ kan náà, irun dídì kan náà, àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ òsì lé orúnkún. Ọmọ kan ṣoṣo sì ni. Táyé ti kú kí onífọ́tò tó dé. Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni ó yà, tí ó sì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan.

Ìdílé wa nìkan kọ́ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn onífọ́tò Ìlá nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978, ó sì ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo irú fọ́tò yìí dípò ère ìbejì. Bí ìbejì bá jẹ́ akọ àti abo, wọn a ya èyí tí ó wà láàyè nínú aṣọ tirẹ̀, wọn a tún yà á nínú aṣọ èkejì rẹ̀.

Inú yàrá òkùnkùn ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Onífọ́tò á fi páálí bo ìdajì pépà, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú fíìmù kọjá sí ìdajì kejì. Lẹ́yìn náà ni yóò pààrọ̀ wọn. Nínú fọ́tò tiwa, ilà funfun tín-ín-rín kan gba àárín àwọn ọmọ náà kọjá, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí a fi fóònù ya fọ́tò náà, kí a pa ilà yẹn rẹ́, kí a tẹ tuntun, kí a sì kó èyí tí ó ti ń pọ́n dànù. Ìpàdé ẹbí ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà lópin sáà yìí. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Kí n má baà sọ ohun tí n kò fọwọ́ kàn, mo wá ẹ̀mọ́ṣọ̀n olómi. Kì í ṣe ọ̀dà tí a fi ń kun ilé o. Iyọ̀ fàdákà inú jẹ́látìn ni, irú èyí tí dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì nì, Richard Leach Maddox, gbé jáde ní 1871, tí ó sì di awọ ojú pépà fọ́tò káàkiri ayé. Awọ àti egungun màlúù ni a fi ń se jẹ́látìn. Ta ni yóò gbé Zaria tí yóò ní òun kò mọ awọ? Wọ́n ń ta á nínú ìgò pẹ̀lú, kí a lè kùn ún sára igi, aṣọ tàbí òkúta. Igi ni mo yàn nítorí ère ìbejì. Nínú yàrá mi ní Danmagaji, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé, mo tan gílóòbù pupa, mo gbé ìgò sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ó fi yọ́, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. N kò fi fánìṣì dí ojú igi, ooru sì ti mú omi mi gbóná. Jẹ́látìn wú, ó sì ṣí kúrò bí awọ ara ẹni tí iná jó. Lẹ́ẹ̀kejì mo kun fánìṣì, mo fi yìnyín sínú omi, àwòrán sì dúró, pẹ̀lú ipa búrọ́ọ̀ṣì ní etí rẹ̀.

Síbẹ̀ kò di ère. A ń wẹ ère ìbejì, a ń fi osùn pa á lára, a ń gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Bí a bá wẹ fọ́tò mi lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ ṣí. Agbẹ́gilére kò sì wá ìrísí ọmọ tí ó kú. Ojú àgbàlagbà ni ó ń gbẹ́ fún un. Fọ́tò ni ó fún ìyá ní ojú ọmọdé, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ojú ta ni? Ojú Kẹ́hìndé, tí a yá fún Táyé. Ilà funfun yẹn ni ibi tí fọ́tò ti jẹ́wọ́ pé ojú yíyá ni. Bí a bá pa á rẹ́, ọmọ méjì tí ó wà láàyè ni àlejò yóò rí, Táyé kò sì ní kú rí lójú ẹnikẹ́ni.

Àbùkù tí mo rí sí iṣẹ́ onífọ́tò náà yàtọ̀. Ì bá yí fíìmù rẹ̀ padà nígbà tí ó ń tẹ ìdajì kejì, àwọn ọmọ náà ì bá kọjú sí ara wọn. Bí ó ṣe wà yìí, ẹnì kan kọ ẹ̀yìn sí èkejì.

Mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé èwo ni àwọn nínú méjèèjì. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀. Ìyá àwọn nìkan ni ó mọ̀, kò sì sọ fún àwọn.