Àwọ̀ àti Ohùn nínú Eré The Rings of Power

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ Amazon gbé eré orí tẹlifíṣọ̀n alápá púpọ̀ kan jáde, èyí tí wọ́n pè ní The Lord of the Rings: The Rings of Power. Owó tí wọ́n ná lé e lórí kò kéré. Ní ọdún 2017, nǹkan bí mílíọ̀nù 250 dọ́là ni wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ láti lo ìtàn náà. Ìpele kìíní, tí wọ́n yà ní New Zealand, sì tún gbà tó mílíọ̀nù 465 dọ́là gẹ́gẹ́ bí ìjọba orílẹ̀-èdè náà ti sọ ọ́ di mímọ̀. Amazon kéde pé àwọn tí ó wò ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ju mílíọ̀nù 25 lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ inú ìwé ìròyìn yìn ín. Èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn òǹwòran tí ó fi èrò wọn hàn ní gbangba sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Kí a tó gbe ẹnikẹ́ni nínú wọn, ó yẹ kí a rántí irú ẹni tí òǹkọ̀wé náà jẹ́. Bloemfontein ní Gúúsù Áfíríkà ni a ti bí J. R. R. Tolkien ní ọdún 1892, ṣùgbọ́n Birmingham àti agbègbè rẹ̀ ní England ni ó ti dàgbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ní Oxford. Ó ti ń ṣẹ̀dá èdè kí ó tó ṣẹ̀dá ìtàn, ó sì sọ ọ́ gbangba pé kí àwọn èdè òun lè ní ayé tí wọn yóò máa gbé ni òun ṣe ń kọ ìtàn. Nígbà tí ìtumọ̀ ìwé rẹ̀ sí èdè Dutch àti Swedish kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó jókòó kọ ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùtúmọ̀ ọjọ́ iwájú nípa àwọn orúkọ inú ìwé náà. (Ẹ̀rù irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí n pe Elf ní iwin nínú àpilẹ̀kọ yìí. Iwin inú igbó Fágúnwà kò bá Elf tan. Aràrá ni mo pe Dwarf, mo sì gbà pé ẹlòmíràn lè takò mí.)

Ìjà tí ó kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, àwọ̀ ara ni ó dá lé. Ismael Cruz Córdova, ọmọ Puerto Rico, ṣe Elf. Sophia Nomvete ṣe ọmọba-bìnrin àwọn aràrá. Cynthia Addai-Robinson, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, ṣe ayaba tí ń ṣe adelé ọba ní erékùṣù Númenor. Lenny Henry ṣe àgbà láàrin àwọn Harfoot, ìyẹn ẹ̀yà kan nínú àwọn Hobbit. Wọ́n bú wọn bí ẹni láyin. Ọ̀rọ̀ náà le dé ibi pé ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án, àwọn tí ó ṣe eré náà fi ìkéde síta láti dá àwọn abúni lẹ́kun, mẹ́rin nínú àwọn tí ó ṣe Hobbit nínú fíìmù Peter Jackson sì jáde láti ti àwọn aṣeré tuntun náà lẹ́yìn. Ìwé fúnra rẹ̀ kò ti àwọn abúni lẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ The Lord of the Rings ni Tolkien ti kọ ọ́ pé àwọ̀ àwọn Harfoot pọ́n dúdú ju ti àwọn ẹ̀yà Hobbit yòókù lọ. Ẹni tí kò bá ka ojú ìwé bíi mélòó kan dé ibẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti pe ara rẹ̀ ní olùgbèjà ìwé.

Ohun tí ó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ariwo àwọn abúni bo ohùn àwọn tí ó ní ẹjọ́ gidi lọ́wọ́. Amazon dá èrò àwọn òǹwòran dúró fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó jẹ́ kí ó hàn lórí ìkànnì rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá sọ pé ìhun ìtàn kò dára, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n fi ń wo òun náà. Ìdáhùn kan ṣoṣo wá tó fún ẹ̀sùn mẹ́wàá.

Ẹ̀sùn kan wà tí ó wúwo. Nínú àkọsílẹ̀ Tolkien, ọdún 3441 ni Sànmánì Kejì gbà. Ní nǹkan bí ọdún 1500 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn òrùka. Ọdún 3319 ni òkun gbé Númenor mì. Nínú eré, gbogbo rẹ̀ bọ́ sínú ìgbà ayé ènìyàn kan. J. D. Payne àti Patrick McKay tí ó darí rẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn kò fẹ́ kí àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí ó jẹ́ ènìyàn máa kú ní ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Bẹ́ẹ̀, ikú wọn gan-an ni ìtàn náà. Ìdí tí àwọn ará Númenor fi kórìíra Elf ni pé Elf kì í kú ikú ogbó, ṣùgbọ́n ènìyàn ń kú. Ìlara náà ń dàgbà láti ọba dé ọba bí ẹ̀mí wọn ti ń kúrú sí i. Ní apá kẹrin eré náà, ọkùnrin kan dìde láàrin ọjà, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn Elf yóò wá gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ìbẹ̀rù ikú ti di ìbẹ̀rù àìríṣẹ́ṣe. A kò lè sọ pé àìlẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé The Silmarillion ni ó fà á, nítorí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ikú náà wà nínú àfikún The Lord of the Rings tí wọ́n sanwó lé lórí.

Kì í ṣe pé àyípadà burú. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé Amos Tutùọlà di eré Ọ̀mùtí ní Ìbàdàn ní ọdún 1963, ó sọ gbogbo ìrìn àjò náà di àlá, ó sì dá ìtàn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ padà sínú Yorùbá. Síbẹ̀ òùngbẹ ẹmu ni ó ṣì ń lé ọ̀mùtí náà kiri. Ògúnmọ́lá mọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ mú kúrò.

Ẹ̀sùn kejì, ti ohùn, ni ó kan àwa olùkọ́ èdè jù. Àwọn Elf ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ England. Àwọn aràrá ń sọ ọ́ bí ará Scotland. Àwọn Harfoot, tí wọ́n ń ṣí kiri, tí ẹrẹ̀ wà lára wọn, tí ewé àti ẹ̀ka igi wà nínú irun wọn, ohùn tí ó jọ ti Ireland ni wọ́n fi sí wọn lẹ́nu. Àwọn akọ̀ròyìn kan ní Ireland fapá jánú: wọ́n rí àwòrán àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń yà nípa àwọn baba wọn, òpè tí kò nílé. Tolkien kò tilẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀yà Hobbit mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn Harfoot ni ó ní wọ́n fẹ́ràn àtigbé ojú kan jù lọ. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Nínú ọ̀pọ̀ eré Yorùbá tiwa, agbẹjọ́rò a máa sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, ìránṣẹ́ àti ará oko ni wọn a fi ẹ̀ka-èdè sí lẹ́nu kí àwọn òǹwòran lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ó ń sọ ẹ̀ka-èdè náà nílé yóò mọ ipò tí wọ́n tò ó sí, kò ní í bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kankan. Síbẹ̀, nínú gbogbo ariwo ọdún 2022, ọ̀rọ̀ ohùn yìí kò rí ìdá mẹ́wàá àkíyèsí tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ rí.

Ẹ wo Lenny Henry, tí ó ṣe Sadoc Burrows. Ọmọ Dudley ni, ìlú tí ó wà nítòsí Birmingham tí Tolkien ti dàgbà. Tolkien sọ pé abúlé agbègbè Birmingham yìí, bí ó ti rí ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni òun fi ṣe àwòkọ́ ilẹ̀ àwọn Hobbit. Àwọn tí ó ní kò yẹ kí Henry wà nínú ìtàn náà kò mọ̀ pé ilé rẹ̀ ni ìtàn náà ti ṣẹ̀. Àwọn tí ó sì pè é sí iṣẹ́ kò lo ohùn ilé náà. Ohùn Ireland ni Sadoc fi sọ̀rọ̀ títí ó fi kú ní apá kẹjọ.