Rónìn Nínú Ìwé Atúmọ̀ Èdè Jàpáànì: Ta Ni Ó Fi Ta Sílẹ̀?

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìtàn ni ó sì yẹ kí a wò kí a tó fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè, díẹ̀ ni ó ṣòro tó títún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣe, pàápàá ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé rò pé àwọn ti mọ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni "rónìn" nínú èdè Jàpáànì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ni samurai, èyíinì ni jagunjagun láti ìdílé ológun, tí kò ní ọ̀gá. Ìtumọ̀ yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó.

Àmì méjì ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ náà: ọ̀kan dúró fún ìgbì omi, èkejì fún ènìyàn. Ní ayé Nara, láti ọdún 710 sí 794, kì í ṣe jagunjagun ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ìjọba a máa kọ orúkọ àwọn ará oko sínú ìwé, a máa gba ìrẹsì àti aṣọ lọ́wọ́ wọn ní owó orí, a sì máa kó wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá kúrò níbi tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí ó ń rìn kiri bí ìgbì tí kì í dúró sójú kan, òun ni rónìn. Lẹ́yìn náà ni orúkọ yìí bọ́ sórí samurai. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò yege nínú ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, tí ó sì ń múra sílẹ̀ de ìdánwò ọdún tí ń bọ̀, ni a ń pè ní rónìn.

Èwo ni kí ó ṣíwájú? Ìwé Kōjien, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1955, a máa fi ìtumọ̀ àtijọ́ ṣáájú. Daijirin ti 1988 a máa fi ti òde òní ṣáájú. Ti Kōjien ni mo fara mọ́, nítorí bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni í wò. Ṣùgbọ́n ètò nìkan kò tó bí a kò bá fi ọdún tì í. Nínú ọ̀ràn yìí, Nihon Kokugo Daijiten ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìyìn: nínú ẹ̀dà kejì rẹ̀, 2000 sí 2002, ó fi ọdún sí ara àwọn àpẹẹrẹ tí ó fà yọ.

Ibi tí ọ̀ràn gbé le jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí olóòtú yóò lò. Bí ó bá kọ ọ́ pé rónìn ni samurai tí ó fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, ó ti dá ẹjọ́ ná. Lóòótọ́, àwọn kan fi ọ̀gá sílẹ̀, a sì lé àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun Sekigahara ní 1600, ìdílé Tokugawa tí ó ṣẹ́gun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìjòyè. Bí ìjòyè bá sì kú láìní àrólé, ìjọba lè gba ilẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ni ìrẹsì tí àwọn samurai rẹ̀ ń jẹ dópin. Ní 1651, Yui Shōsetsu kó àwọn rónìn jọ láti dìtẹ̀, àṣírí sì tú. Ìjọba fúnra rẹ̀ mọ orísun ọ̀ràn náà: lọ́dún kan náà ni ó dẹ òfin àrólé, tí ó gba ìjòyè tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún láàyè láti gba ọmọ tọ́ lórí ibùsùn ikú.

Àwọn rónìn 47 ti Akō, tí òkìkí wọn kàn jù, jẹ́rìí sí i. Ní 1701, ọ̀gá wọn, Asano Naganori, fa idà yọ sí Kira Yoshinaka nínú ààfin Edo. Ìjọba pàṣẹ kí ó pa ara rẹ̀, ó sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Àṣẹ ìjọba ni ó sọ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ di rónìn. Ìfẹ́ ọ̀gá ni ó sì mú wọn pa Kira ní 1703. Eré Kanadehon Chūshingura ti 1748 sọ wọ́n di akọni. Bí a kò ti gbọdọ̀ pe rónìn ní ìsáǹsá, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ tìtorí eré pe gbogbo wọn ní akọni.

Ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní láti ṣọ́ra pẹ̀lú. Bí a bá ní "aláìlólúwa", aláìgbàgbọ́ ni òǹkàwé yóò rò. Bí a bá ní "ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kú", a fi ẹni tí a lé sílẹ̀. Èyí ni mo dábàá:

Rónìn: (1) láyé Nara, ẹni tí ó kúrò níbi tí ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí ó ń rìn kiri, (2) samurai tí kò ní ọ̀gá tí ó ń sìn mọ́, ìbáà ṣe pé ó fi í sílẹ̀, tàbí a lé e, tàbí ọ̀gá náà kú tàbí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, (3) lóde òní, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì rí àyè wọ yunifásítì, tí ó ń múra de ìdánwò mìíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń pè ní rónìn lónìí lè ṣí ìwé láti mọ ohun tí a pè é. Bí ó bá bá "ẹni tí ó sá" níbẹ̀, olóòtú ti bú u láìmọ̀ ọ́n. Bí ó bá bá òtítọ́, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó jẹ́ orúkọ náà ṣáájú òun ni àyè bọ́ mọ́ lọ́wọ́, tí kì í ṣe pé wọ́n kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀.